Wọ́n Ní Master Tuntun Ń Bọ̀ ní Kétu: Ibo Ló Dé Báyìí?

Ẹnìkan gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan pé yunifásítì fẹ́ ṣí Master tuntun ní Kétu. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé ọjà. Òbí ń bèèrè iye tí wọn yóò gbà, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Licence ti ń wá ìwé rẹ̀ jọ. Ọdún kan kọjá, wọn ò gbúròó. Ọdún kejì, àwọn kan ní irọ́ ni, àwọn kan ní ìjọba ló gbẹ́sẹ̀ lé e. Ó sì lè jẹ́ pé kì í ṣe irọ́, kí ó má sì sẹ́ni tó gbẹ́sẹ̀ lé nǹkan kan. Master tí wọ́n ń gbèrò, Master tí ìjọba ti fọwọ́ sí, àti Master tí orílẹ̀-èdè mìíràn yóò gbà wọlé, nǹkan mẹ́ta ni. Ọdún lè wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo la fi ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí Master fúnra rẹ̀ jẹ́, nítorí nígbà tí ọ̀pọ̀ àgbà wa kàwé, kò sí orúkọ yẹn. Ẹni tó bá lọ sí Calavi láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Université Nationale du Bénin, ìyẹn láàárín 1975 sí 2001, á gba Licence lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, á gba Maîtrise ní ọdún kẹrin. Tó bá tún fẹ́ tẹ̀ síwájú, á wá DEA tàbí DESS, ẹ̀yìn ìyẹn ló kan Doctorat. Ètò LMD ló wá gba ipò gbogbo rẹ̀: Licence ọdún mẹ́ta, Master ọdún méjì, Doctorat ọdún mẹ́ta. UEMOA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná owó CFA ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ló pa á láṣẹ ní oṣù keje ọdún 2007 pé kí àwọn yunifásítì wọn gba ètò náà. Maîtrise bá kógbá wọlé. Ìdí nìyí tí bàbá tó ní Maîtrise fi máa ń bèèrè pé kí ni ọmọ yìí tún ń wá lẹ́yìn Licence. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, Licence ọmọ yín kò tíì dé ibi tí Maîtrise yín dé. Master ni yóò gbé e kọjá ibẹ̀.

Kírédíìtì ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ nínú ètò yìí. Sẹ̀mẹ́sítà kan jẹ́ 30, ọdún kan jẹ́ 60, odindi Master jẹ́ 120. Tí a bá ka kírédíìtì kan sí nǹkan bíi wákàtí 25, tí a da wákàtí inú kíláàsì, ti yàrá àyẹ̀wò àti ti kíkà nílé pọ̀, Master kan á gba nǹkan bíi 3,000 wákàtí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá ń gbèrò láti ṣí ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa fi àwọn wákàtí wọ̀nyẹn ṣe, kó sì dárúkọ ẹni tí yóò dúró tì í.

Ká mú àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba Benin kò gbà kí wọ́n máa gbé kajú tí wọn kò tíì fọ́ jáde kúrò nílẹ̀ yìí mọ́. Kí wọ́n fọ́ ọ nílé, kí iṣẹ́ rẹ̀ wà nílé. Kajú sì pọ̀ lápá Ṣábẹ̀ẹ́. Ká ní àwọn olùkọ́ mélòó kan ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Kétu jókòó, wọ́n ní àkókò ti tó láti ṣí Master lórí fífọ́ kajú, pípa á mọ́ àti títà á. (Àpẹẹrẹ tèmi ni o. Kí ẹnikẹ́ni má lọ bèèrè fọ́ọ̀mù.) Èrò gidi ni. Kí ni ojú rẹ̀ yóò rí kó tó di kíláàsì?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi wọ́n kò ní jẹ́ nípa kajú rárá. Yóò jẹ́ nípa Calavi àti Parakou. Calavi ní Faculté des Sciences Agronomiques, Parakou ní Faculté d'Agronomie, Kétu sì wà fún iṣẹ́ àgbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ní 2013 ni wọ́n dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Université d'Agriculture de Kétou. Nígbà tó di 2016, ìjọba tún àwọn yunifásítì gbogboogbò tò, ó kó wọn jọ sí mẹ́rin péré: Calavi, Parakou, ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ ní Abomey, àti ti iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ń jẹ́ Université Nationale d'Agriculture báyìí. Àpò ìjọba kan náà ló ń bọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá wá tọrọ àyè fún Master tí ẹlòmíràn ti ń ṣe, wọn yóò bi í pé kí ni tirẹ̀ fi yàtọ̀. Ìdáhùn pé "Kétu náà yẹ kó ní" lè dùn létí wa, ṣùgbọ́n kò gbéṣẹ́ nínú ìpàdé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò bèèrè ẹni tí yóò gba àwọn tó bá jáde síṣẹ́. Mo rò pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń ṣìnà. Wọ́n á pín ìwé ìbéèrè fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ṣé wọ́n á fẹ́ Master yìí, gbogbo wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ta ni kò ní ní bẹ́ẹ̀ ni? Ẹni tó yẹ kí wọ́n bi ni ẹni tó ní iléeṣẹ́ tó ń fọ́ kajú: ènìyàn mélòó lẹ máa gbà lọ́dọọdún, kí ni ẹ fẹ́ kó mọ̀, èló lẹ máa san? Iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń nílò ọwọ́ púpọ̀ fún fífọ́ àti yíyan, ó ń nílò àwọn tó mọ ẹ̀rọ tún ṣe, ó sì ń nílò ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ tó mọ ìmọ̀ oúnjẹ dé ipò Master. Ó ṣeé ṣe kí ìwádìí fi hàn pé Licence tó dá lórí iṣẹ́ ọwọ́, tàbí ẹ̀kọ́ oṣù díẹ̀ pàápàá, ni ìlú ń fẹ́. Ká sòótọ́, ó ṣòro kí olùkọ́ tó ti fi ọkàn sí Master gba irú àbájáde bẹ́ẹ̀ wọlé.

Ká ní wọ́n yege níbẹ̀. Wọn yóò wá kọ ohun tí wọ́n ń pè ní maquette: tábìlì ńlá tó ń fi gbogbo ẹ̀kọ́ hàn ní sẹ̀mẹ́sítà-sẹ̀mẹ́sítà, kírédíìtì wọn, wákàtí wọn, àti orúkọ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan. Sẹ̀mẹ́sítà mẹ́rin ni, èyí tó gbẹ̀yìn sábà máa ń jẹ́ ti ìdánṣẹ́wò àti ìwé mémoire, ìyẹn ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ láti fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ yan irú Master tó jẹ́, ti ìwádìí tàbí ti iṣẹ́ òwò, nítorí ti ìwádìí ló ń gbé ènìyàn lọ sí ẹnu ọ̀nà Doctorat. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé maquette ni iṣẹ́ náà. Tèmi ni pé òun ló rọrùn jù. Olùkọ́ méjì tó mọ iṣẹ́ wọn lè parí rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Ohun tó le wà nínú òpó tó gbẹ̀yìn lórí tábìlì yẹn, níbi tí orúkọ olùkọ́ wà.

Ta ni yóò kọ́ wọn?

Ní àwọn yunifásítì tó ń sọ Faransé nílẹ̀ Áfíríkà, àjọ CAMES ló ń gbé olùkọ́ ga. Ọdún 1968 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Ouagadougou ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà, orílẹ̀-èdè 19 ló sì wà nínú rẹ̀. Ìpele méjì ni wọ́n pín olùkọ́ sí. Assistant àti Maître-Assistant wà ní rang B. Maître de Conférences àti Professeur Titulaire wà ní rang A. Olùkọ́ kì í fúnra rẹ̀ gun òkè. Ó ní láti kó àwọn àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ tó ti jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ jọ, kó gbé wọn lọ síwájú ìgbìmọ̀ CAMES, tó ń jókòó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Tí wọn kò bá mú un, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Àwọn rang A wọ̀nyí ni Master ń wá. Àwọn ni wọ́n ń retí pé kó ṣíwájú ètò náà, àwọn ló ń jẹ́ alága júrì, ìgbìmọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbèjà mémoire rẹ̀ níwájú wọn, àwọn ló ń darí Doctorat. Wọn kò pọ̀, gbogbo ayé ló sì ń wá wọn. Orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n kan lè wà nínú maquette Calavi, kó wà nínú ti Parakou, kó wà nínú ti ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Kútọ̀nú, kí Kétu náà tún wá kọ ọ́ sílẹ̀. Lórí ìwé, ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin ló ní i. Lójú ayé, ara kan ló ní.

Ẹ wo ìṣirò kékeré yìí. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ 30 ló wọlé, tí gbogbo wọn sì dé òpin. Mémoire 30 nìyẹn, kálukú nílò ẹni tí yóò darí rẹ̀. Nígbà tó bá di ọjọ́ tí wọn yóò gbèjà iṣẹ́ wọn, tí ènìyàn mẹ́ta bá jókòó sí júrì kọ̀ọ̀kan, àga 90 ló gbọ́dọ̀ ní ẹni tó jókòó sí i. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan péré nìyẹn o. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òmíràn ti ń bọ̀ lẹ́yìn. Tí ẹ bá gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ti parí ẹ̀kọ́ láti ọdún kejì tí kò tíì gbèjà ìwé rẹ̀, ẹ má yára pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ bèèrè iye olùkọ́ tó wà níbẹ̀ ná.

Ọ̀nà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó jìnnà sí Kútọ̀nú fi ń yanjú rẹ̀ ni kí wọ́n ránṣẹ́ pe olùkọ́ láti ibòmíràn. Láti Calavi dé Kétu ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò lè máa wá ní gbogbo ọjọ́ Tuesday, nítorí náà á wá fún ọ̀sẹ̀ kan, á da gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, á sì padà. Ètò náà ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń fà: owó ọkọ̀, ibùsùn, àti owó wákàtí tí wọ́n ń san fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá sì lóye nǹkan ní ọjọ́ Friday, olùkọ́ ti lọ. Mo fara mọ́ ọn pé kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn pé kí wọ́n fi gbogbo Master dúró lórí rẹ̀.

Ọ̀nà kejì pẹ́, òun ló sì dúró: kí wọ́n gba àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ síṣẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n ṣèwádìí, kí CAMES máa mú wọn gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Institut de Mathématiques et de Sciences Physiques tó wà ní Dangbo, lẹ́bàá Àjàṣẹ́, ló hàn lára rẹ̀ jù. Abẹ́ Calavi ló wà. Ọdún 1988 ló bẹ̀rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jean-Pierre Ezin ló dá a sílẹ̀, iléeṣẹ́ ìmọ̀ físíìsì ICTP tó wà ní Trieste, ní Ítálì, sì wà lẹ́yìn wọn. Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ rẹpẹtẹ. Àwọn tó ti kàwé díẹ̀ tó ń wá oyè gíga nínú ìṣirò àti físíìsì ló dojú kọ. Ní 2014, nígbà tí Báńkì Àgbáyé ń wá ibi tí yóò pè ní ibùdó ìmọ̀ tó ta yọ nílẹ̀ Áfíríkà, ó mú un. Ọdún 26 ló wà láàárín méjèèjì. Àwọn tó ń sọ pé Báńkì Àgbáyé ló kọ́ Dangbo gbàgbé pé olùkọ́ ti wà níbẹ̀ kí owó tó dé.

Owó, àti ìwé tí wọ́n ń pè ní arrêté

Ìjọba ló ń san owó oṣù olùkọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ pátápátá. Ohun tó kù, bí owó àwọn tó ń wá láti ìta, kẹ́míkà yàrá àyẹ̀wò, epo ọkọ̀ tí yóò gbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ sóko kajú, gbọ́dọ̀ ti ibì kan wá. Níbi tí kò bá sí olùrànlọ́wọ́, owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san ni. Ìdí nìyí tí Master, pàápàá ti iṣẹ́ òwò, fi máa ń wọ́n ju Licence lọ ní yunifásítì ìjọba kan náà, tí òbí á sì ní àwọn rò pé ìjọba ló ni ín. Ìjọba ló ni ín lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ iye rẹ̀ fún yín fún ọdún méjèèjì, kì í ṣe fún ọdún kìíní nìkan.

Owó àjèjì sì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ti Báńkì Àgbáyé tí mo mẹ́nu bà yẹn, kì í kàn bọ́ sílẹ̀. Àbájáde ló ń fà á jáde. Tí ilé-ẹ̀kọ́ bá fi hàn pé òun gba akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè mìíràn, pé ìwádìí òun jáde, pé àjọ ayẹ̀wò láti òkèèrè gba ètò òun, owó á sún síwájú. Ó dáa, ṣùgbọ́n gbogbo irú ètò bẹ́ẹ̀ ló ní ọjọ́ ìparí. Ìbéèrè tí mo máa ń fẹ́ kí àwọn olùgbèrò dáhùn ni pé lẹ́yìn tí olùrànlọ́wọ́ bá lọ, ta ni yóò san owó iná yàrá àyẹ̀wò?

Ní ti àṣẹ, ọ̀nà rẹ̀ kò díjú, ó kàn gùn ni. Ìwé náà á kúrò lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ tó gbèrò rẹ̀, á lọ síwájú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wọn, á dé iwájú ìgbìmọ̀ ìmọ̀ yunifásítì, ìyẹn conseil scientifique, á kọjá lọ́dọ̀ rector, kó tó lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀kọ́ gíga. Ibi kọ̀ọ̀kan lè dá a padà pé kí wọ́n tún nǹkan kan ṣe. Àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí kì í sì jókòó lójoojúmọ́. Ìwé tó bá pàdánù ìpàdé kan á dúró de èkejì, tí ìgbà ìwọlé bá sì ti kọjá, odindi ọdún ló lọ yẹn. Òpin gbogbo rẹ̀ ni arrêté, ìwé àṣẹ tó ní nọ́ńbà àti ọjọ́. Kí èyí tó jáde, èrò lásán ni Master, bó ti wù kí wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò tó.

Ṣé wọ́n á gbà á lókè odò?

Arrêté ìjọba Benin fún Master láṣẹ nílẹ̀ Benin. Ẹni tó fẹ́ lo ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ní Senegal, Côte d'Ivoire tàbí Tógò ń fẹ́ kí CAMES náà ti dá a mọ̀, nítorí láti àwọn ọdún 1970 ni àjọ náà ti ń ṣiṣẹ́ lórí bí orílẹ̀-èdè kan yóò ṣe máa gba ìwé-ẹ̀rí èkejì. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ń gbé ètò rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Kì í bá arrêté wọlé lọ́jọ́ kan náà. Nítorí náà, àwọn tó kọ́kọ́ wọ Master tuntun máa ń lè jáde kí ìdánimọ̀ yẹn tó dé. Ewu ni wọ́n gbà, ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn gbà á.

Fún àwa tá a wà lẹ́bàá ẹnubodè, ọ̀rọ̀ Nàìjíríà ló le jù. Ẹbí kan náà ló wà ní Kétu àti ní Ìmẹ̀kọ. Ọmọ lè kàwé níhìn-ín kó lọ wáṣẹ́ lọ́hùn-ún. Nàìjíríà kò sí nínú CAMES. Ní ìparí ọdún 2023, akọ̀ròyìn ọmọ Nàìjíríà kan tú àṣírí pé òun gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì láti ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Benin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní 2024, ìjọba Nàìjíríà dá gbígba ìwé-ẹ̀rí láti Benin àti Tógò dúró. Nígbà tó yá, wọ́n dárúkọ ìwọ̀nba ilé-ẹ̀kọ́ tí wọn yóò máa gbà, àwọn yunifásítì gbogboogbò Benin sì wà lára wọn. Ẹni tó ṣe ọdún méjì gbáko ní Calavi tàbí ní Kétu wá di ẹni tí wọ́n ń wò tìfura-tìfura nítorí ohun tí kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Nígbà tí conseil scientifique bá dá ìwé Master kan padà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń bí ènìyàn nínú. Ṣùgbọ́n irú ìdáríjì tí a ń tọrọ lọ́wọ́ wọn, pé kí wọ́n kàn fọwọ́ sí i kó lọ, òun gan-an ló ń sọ ìwé-ẹ̀rí di bébà lójú aráyé.

Ẹni tó ń ro Doctorat ní ohun kan sí i láti wò. Inú école doctorale ni wọ́n ti ń ṣe Doctorat, ẹni tó bá sì wà ní rang A ló ń darí rẹ̀. Master ìwádìí tí kò ní école doctorale kankan tó so mọ́ ọn yóò gbé ọmọ dé àárín ọ̀nà, á sì sọ ọ́ kalẹ̀ síbẹ̀.

Ó ku àwọn tó ń dúró. Master kì í ṣe ohun tí ẹni tó bá ní Licence kàn ń bọ́ sínú rẹ̀. Àyè rẹ̀ kéré, wọ́n ń yan ènìyàn nínú àwọn tó kọ̀wé ni. Tí wọ́n bá sọ fún yín pé ọ̀kan ti ṣí, ẹ bèèrè nọ́ńbà arrêté rẹ̀ ní ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ náà, kí ẹ tó san owó kankan. Kò yẹ kí ìbéèrè yẹn bí ẹnikẹ́ni nínú. Ọ́fíìsì tó bá ní i á sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá ti ìwádìí ni tàbí ti iṣẹ́ òwò. Ẹ bèèrè iye olùkọ́ rang A tó ń gbé ní ìlú náà gan-an, yàtọ̀ sí àwọn tó ń wá tó ń lọ. Tí ìdáhùn bá jẹ́ pé ìwé ṣì wà ní Kútọ̀nú, ẹ má fi ọdún kan jókòó dè é. Ẹ wo ohun tí Calavi àti Parakou ti ní nílẹ̀, kí ẹ sì tètè ṣe légalisé ìwé-ẹ̀rí BAC àti Licence yín, ìyẹn kí wọ́n fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí ẹ̀dà wọn, nítorí ìkéde wọn kì í fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ kí ìlẹ̀kùn tó tì.